Ta Ni Yóò Kọ Bí A Ṣe Ń Pọn Ọtí Sílẹ̀?

Èdè wa kò ka ẹmu àti ọtí ọkà sí ohun kan náà. Ẹmu ni a ń dá. Ọtí ni a ń pọn. Adẹ́mu gun ọ̀pẹ, ó bá ohun tí Ọlọ́run ti ṣe sílẹ̀ níbẹ̀. Apọntí ní tirẹ̀ mú ọkà gbígbẹ tí kò dùn, tí kò hó, ó sì sọ ọ́ di ohun mímu. Ọgbọ́n ńlá ni, ọwọ́ àwọn obìnrin ni ó sì wà jù lọ.

Ohun tí ó ń bí mi nínú ni bí a ṣe ń kọ nípa ọgbọ́n yìí nínú àpilẹ̀kọ wa. A ó kọ ojú ìwé mẹ́fà lórí ipò ọtí níbi ìgbéyàwó, níbi ìsìnkú àti níbi ètùtù. Bí ó bá wá kan bí a ṣe ń pọn ọ́n, a ó ní wọn a máa rẹ ọkà, wọn a sè é, ó sì di ọtí. Ó parí! Ẹni tí ó bá tẹ̀lé irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ kíkan ni yóò mu. Ó tilẹ̀ lè mu ohun tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọtí bàbà, èyí tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń pè ní tchoukoutou. Ọkà tí a ó lò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó ṣì lè hù, kí ó má sì jẹ́ irúgbìn tí wọ́n ti po oògùn kòkòrò mọ́ fún gbígbìn. A ó rẹ ẹ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, a ó sẹ́ omi rẹ̀, a ó tẹ́ ẹ sínú agbọ̀n, a ó fi ewé bò ó, a ó sì máa wọ́n omi sí i títí yóò fi hù, bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Kí ni híhù yìí wà fún? Bí ọkà bá ń hù, ohun kan máa ń jí nínú rẹ̀ tí ó ń sọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ di ṣúgà. Láìsí ṣúgà, kò sí ọtí.

Lẹ́yìn èyí a ó sá a sóòrùn, a ó sì fi ọwọ́ ra á kí ẹ̀hù àti gbòǹgbò rẹ̀ lè já kúrò. Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Bí a bá tilẹ̀ rántí kọ èyí, a ó ní nítorí ìmọ́tótó ni. Rárá o. Ẹ̀hù ọkà bàbà ní ohun kan nínú tí ó ń di sáyánáìdì, májèlé tí a ń sá fún nígbà tí a bá ń rẹ ẹ̀gẹ́. Àwọn darandaran mọ̀ ọ́n: màlúù tí ó bá jẹ ewé ọ̀dọ́ ọkà bàbà lè kú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fo ibẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti fo ibi tí ẹ̀mí wà.

Lílọ̀ kò le. Bí a bá lọ̀ ọ́ tán, a ó po ó mọ́ omi, a ó sì rọra máa gbé e gbóná. Bí a bá tètè sè é, ohun tí ń ṣe ṣúgà yóò kú kí ó tó ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn èyí ni a ó sẹ́ ẹ, tí a ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó kan díẹ̀, tí a ó sì wá sè é dáadáa fún wákàtí púpọ̀.

Iṣẹ́ wá kan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ìwúkàrà ni ó wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, ẹ̀dá tín-tìn-tín tí ń jẹ ṣúgà tí ó sì ń fi ọtí àti afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Kí ọtí lọ́wọ́ọ́rọ́ kí a tó da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí i. Ooru púpọ̀ a máa pa á. Inú ọtí tí ó dára ni kí a ti bù ú. Bí ó bá ń rùn, kí a dà á nù. Níwọ̀n ìgbà tí iná ti pa gbogbo ohun búburú inú ọtí, igbá tàbí asẹ́ ìdọ̀tí tí a bá kì bọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà ni yóò dá wọn padà.

Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ó ti ń hó, a lè rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì. Kí ẹnikẹ́ni má lo kẹ́ẹ̀gì tí ó ti gba epo bẹntiróòlù tàbí oògùn kòkòrò rí, bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Kí a má rọ ọ́ kún, kí a má sì dé e pinpin, nítorí pé ọtí náà ṣì ń mí. Ẹ wo bí àwọn ẹlẹ́mu ṣe ń dé tiwọn. Láàrin ọjọ́ kan sí méjì ni kí a mu ún tán.

Ẹlòmíràn yóò ní ọtí àbúléṣe ń pani, yóò sì tọ́ka sí Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí àwọn ènìyàn ti kú ní oṣù kẹrin ọdún 2015. A kọ́kọ́ pè é ní àrùn àràmàǹdà. Ẹ̀yìn náà ni àyẹ̀wò fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ni, nínú ògógóró. Ògógóró kì í ṣe ọtí pípọn: ooru rẹ̀ ni a ń gbà, èmi kò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti dán an wò nílé. Ṣùgbọ́n àìmọ ìyàtọ̀ yìí gan-an ni mo ń wí.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó ọkà báálì wọlé ní ọdún 1988, àwọn ilé-iṣẹ́ ọlọ́tí ńláńlá yí padà sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Ohun tí a fojú kéré ní ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wá ń wá kiri.

Ìyá ọlọ́tí kan wà ní ìlú wa tí ó ní orúkọ fún ọtí kí ó tó hó, èyí tí àwọn ọmọdé ń mu, orúkọ mìíràn fún èyí tí ó ń hó lọ́wọ́, àti òmíràn fún èyí tí ó ti kan. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni ó bí. Kò sí ọ̀kan tí ń pọntí. Bí a bá gba ìsinmi, mo fẹ́ lọ jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́wàá pẹ̀lú ìwé, òṣùwọ̀n àti aago. Mo ń bẹ ẹ̀ka wa kí wọ́n gbà á wọlé fún iṣẹ́ àṣekágbá. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi lọ, kí ó tètè sọ̀rọ̀. Ìyá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún.