Ta Ló Ní Gìtá Kì í Ṣe Ti Yorùbá?

Ọ̀rọ̀ kan ń bí mi nínú. Láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, bí ilé ẹ̀kọ́ bá ń ṣe ọjọ́ àṣà, wọn a gbé dùndún jáde, wọn a gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá gbé gìtá wá, wọn a ní kó dá a padà sílé, pé ohun òyìnbó ni. Ará Ẹ̀pẹ́ a tilẹ̀ tún fi Ligali Mukaiba ṣe ẹ̀rí: àpàlà tirẹ̀ ni ojúlówó.

Ojúlówó ni lóòótọ́. Àmọ́ ṣé àwọn onípàlà kì í lo agídìgbo ni? Agídìgbo yìí, àpótí onírin pẹlẹbẹ tí a ń fi ìka ta, ni Fatai Rolling Dollar, ọmọ Ẹdẹ, fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ J. O. Àràbà ní 1953. Ní 1957 ó dá African Rhythm Band sílẹ̀, gìtá ni a sì wá mọ̀ ọ́n mọ́. Ìka tó ta agídìgbo náà ló ta gìtá. Ó ṣe jùjú, ó ṣe háíláìfù. Ebenezer Obey àti Orlando Owóh gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Níbo gan-an ni àjèjì ti wọlé?

Wọ́n ní òkun ló gbé e wá. Òkun náà ló gbé ẹ̀gẹ́ wá láti Amẹ́ríkà. Ta ló tó sọ fún Ìjẹ̀bú pé gààrí kì í ṣe oúnjẹ Yorùbá?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ́ bí onímọ̀ èdè. Ohùn mẹ́ta ni a ní: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Bí ohùn òkè bá tẹ̀ lé ti ìsàlẹ̀, bíi nínú “àlá”, kì í fò sókè lójijì. Ńṣe ló ń yọ́ gòkè. Dùndún lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí onílù a máa fún okùn awọ rẹ̀ mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Ó ṣòro fún gìtá lásán, torí irin tó wà lọ́rùn rẹ̀ ti gé ohùn sí wẹ́wẹ́. Sunny Adé wá mú gìtá onírin tí àwọn olórin kántìrì Amẹ́ríkà ń lò wọ inú jùjú. Ẹ gbọ́ Démọ́lá Adépọ̀jù nínú àwo Juju Music ti 1982: irin ń yọ̀ lórí okùn, ohùn ń yọ́ lọ sókè sódò. Iṣẹ́ dùndún ni ó ń ṣe yẹn!

Orlando Owóh kú ní 2008, Rolling Dollar ní 2013. Mélòó nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ló ti kọ ohùn gìtá jùjú kan sílẹ̀, kó fi wé ọ̀rọ̀ tí olórin ń sọ? Ẹ wá àwọn àgbà onígìtá tó kù ládùúgbò yín lọ nísinsìnyí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà gbé gìtá rẹ̀ wọlé.