Orin Ítálì, Ohùn Họ́ngárì, àti Ohùn Tiwa

Ọ̀ràn kan wà tí àwọn ènìyàn wa kì í lè sọ láìjà nígbàkígbà tí a bá dárúkọ orin òkè òkun. Àwọn kan a máa wí pé ọmọ Yorùbá tí ó bá kọ́ orin Ítálì ti sọ ara rẹ̀ nù. Àwọn mìíràn a sì máa wí pé ẹni tí kò bá gbádùn rẹ̀ ṣì wà nínú òkùnkùn. Lójú tiwa, apá méjèèjì ni kò wo ọ̀ràn náà dé gbòǹgbò. Láti ilẹ̀ Họ́ngárì ni a ó ti mú àpẹẹrẹ wá.

Obìnrin olórin kan wà tí à ń pè ní Júlia Hamari, ẹni tí a bí ní Budapest, olú-ìlú Họ́ngárì, ní 1942. Irú ohùn rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ orin ń pè ní mezzo-soprano, èyíinì ni ohùn obìnrin tí ó wà láàrin, tí kò lọ sókè téńté bí ti àwọn tí ohùn wọn ga jù lọ, tí kò sì rẹlẹ̀ bí ti àwọn tí ohùn wọn wúwo. Ó kọ ipa Rosina nínú Il barbiere di Siviglia, eré olórin tí Rossini ará Ítálì gbé jáde ní Róòmù ní 1816. Bí ènìyàn bá gbọ́ àwo orin irú obìnrin bẹ́ẹ̀, tí orin àdákọ kan ń tẹ̀lé òmíràn, tí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ní èdè Ítálì, yóò rò pé èdè ìyá rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni èdè Ítálì kò bá ti Họ́ngárì tan rárá, àní bí tiwa kò ti bá ti Haúsá tan. Síbẹ̀ àwọn ará ilé rẹ̀ kò pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Kí ni ó fà á?

Ohun tí ó fà á ni pé àwọn ará Họ́ngárì ti kó ọrọ̀ ilé jọ kí irú rẹ̀ tó jáde lọ ná ọjà ẹlòmíràn. Láti nǹkan bí 1905 àti 1906 ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Béla Bartók àti Zoltán Kodály, ti bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹ̀rọ Edison, èyí tí ń fi abẹ́rẹ́ kọ ohùn sára ìda, lọ sí àwọn abúlé. Wọ́n jókòó ti àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyá arúgbó, wọ́n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọrin sí ẹnu fèrè ẹ̀rọ náà, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ àti ohùn orin náà sílẹ̀. Ní 1906 kan náà ni wọ́n tẹ ogún nínú àwọn orin wọ̀nyí jáde. Nígbà náà, orin tí àwọn ọlọ́lá Budapest ń pè ní orin Họ́ngárì ni èyí tí àwọn onílù ilé ọtí ń lù fún wọn. Ti àwọn ará oko kò jọ wọ́n lójú. Ẹ kíyèsí i pé àwọn tí ó kàwé jù lọ ni ó lọ tẹrí ba fún àwọn tí kò kàwé. Kodály, tí ó kú ní 1967, kò sinmi títí a fi ń fi orin abúlé wọ̀nyí kọ́ àwọn ọmọdé ilé ìwé ní orin kíkọ, kí wọ́n tó kan ti àlejò.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nínú èdè Họ́ngárì, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni ahọ́n máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà gbogbo. Ní ilé eré ńlá tí wọ́n ṣí ní Budapest ní 1884, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń túmọ̀ eré olórin Ítálì sí èdè wọn, ohùn orin a sì máa tẹ ibi tí ahọ́n kò tẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, orin ń lọ sósì. Nígbà tí Bartók wá gbé eré olórin tirẹ̀ jáde ní 1918, èyí tí ó sọ ìtàn ilé olódi Bluebeard, ó jẹ́ kí orin máa tẹ̀lé bí ará Họ́ngárì ti ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ti mọ ibi tí a ń lọ. Bí ohùn bá yí díẹ̀ lẹ́nu Yorùbá, ọkọ di ọkọ́, ọkọ́ di ọkọ̀. Baálé ilé di irin iṣẹ́ oko, irin iṣẹ́ oko di ohun tí à ń wọ̀ lórí omi. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìsìn fún wa mú ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti wà, wọ́n há ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú rẹ̀ bí ẹni há ẹsẹ̀ sínú bàtà ọmọdé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ń sọ̀kalẹ̀ ni ohùn orin ń gòkè. Ẹni tí ó ní ìwé lọ́wọ́ lóye ohun tí à ń kọ. Ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́ ń gbọ́ ariwo adùn-létí lásán.

Nítorí náà ni a ṣe ka iṣẹ́ Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti sí iṣẹ́ ńlá. Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní 1855, ó sì kú ní 1930. Òun ni bàbá-bàbá Fẹlá Aníkúlápó-Kútì tí gbogbo ayé mọ̀. Ó mú ohùn orin ìbílẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìyìn rere sínú rẹ̀, débi pé àgbàlagbà tí kò mọ ìwé kan lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kedere. Nígbà tí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, ilé iṣẹ́ Zonophone gba ohùn rẹ̀ sínú àwo, ó lé ní ogójì orin, pẹ̀lú dùùrù tí ń gbè é lẹ́yìn. Nígbà náà kò tíì sí ẹ̀rọ oníná tí ń gba ohùn. Ńṣe ni ọkùnrin tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún náà dúró ṣíwájú ẹnu fèrè ńlá kan, ó gbé ohùn sókè, ó sì ní láti parí orin kọ̀ọ̀kan láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí díẹ̀ sí i, nítorí ojú àwo kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àwo wọ̀nyí ṣì wà títí di òní. Títí ayé ni a ó máa mọ bí àlùfáà Ẹ̀gbá kan ti ń pe ọ̀rọ̀ lẹ́nu ní 1922.

A kò ní fi ọ̀rọ̀ gùn lórí àwọn tí ó tẹ̀lé e. Ekundayo Phillips, olùtẹ dùùrù ní Kàtídírà Krístì ní Èkó, tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Dúró Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo ní 1963, ó sì gbé e dé Berlin ní 1964, níbi tí àwọn ará Jámánì ti jókòó gbọ́ Yorùbá tí wọn kò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń gbọ́ orin Ítálì. Kò sí ẹni tí ó bẹ Ládípọ̀ kí ó kọ ọ́ ní èdè mìíràn kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́.

Ó tó àkókò kí a padà sílé, sí Osi àti Ìlọ́fà àti gbogbo àgbègbè Èkìtì àti Òkè-Èrò ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ọmọ Osi ni Aréògún, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó kú ní 1954. Ère rẹ̀ wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé nílé àti lókè òkun, a sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ọmọ rẹ̀ Bándélé náà ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ní ibi iṣẹ́ ọnà tí àwọn fadá Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní 1947, orúkọ tirẹ̀ náà kò sì parẹ́. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n a kò gbẹ́ ère Èpà kí ó lè dúró jẹ́ẹ́ nínú àpótí onígíláàsì. Ènìyàn ni ó ń gbé igi wúwo náà rù, tí ó ń jó, tí ó ń fò gun orí òkìtì, tí àwọn obìnrin sì ń kọrin tí ó tọ́ sí ère yẹn gan-an. Ẹni tí ó bá lọ wo ère náà ní ìlú òyìnbó rí ẹṣin, ó rí ẹlẹ́ṣin, ó rí ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn ìyá tí ó mọ orin náà kò ní orúkọ nínú ìwé kankan.

Àwọn kan yóò dáhùn pé àwọn ọ̀dọ́ ń fi fóònù alágbèéká gbà á nígbà ọdún. Wọ́n ń gbà á lóòótọ́, láàrin ariwo, ìlàjì orin níhìn-ín, ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn lọ́hùn-ún, láìsí orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, láìsí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní kíkọ. Bí fóònù náà bá bọ́ sómi, orin ti lọ. Bartók pàápàá kò jẹ́ kí orin kan kọjá láìkọ orúkọ abúlé àti ọjọ́ orí olórin. Ohun tí ó tún ṣe pàtàkì ni pé ahọ́n Èkìtì kì í ṣe ahọ́n ìwé. Níbi tí ìwé ti ń wí pé ilé, ahọ́n Èkìtì ń wí pé ulé. Níbi tí ìwé wí pé ìlú, ó ń wí pé ùlú. Bí olùkọ́ kan bá jókòó tí ó ń tún un ṣe sí Yorùbá ìwé, ohùn orin náà yóò wó lulẹ̀. Kí a gbà á bí wọ́n ti pè é. Kí dùùrù ní sùúrù ná.

A kò sì wí pé kí a kó gbogbo rẹ̀. Orin awo wà tí ó jẹ́ ti awo, ẹ̀yin ìjòyè ni ẹ mọ ààlà rẹ̀, ọ̀rọ̀ yín ni yóò sì ṣẹ. Ṣùgbọ́n alámọ̀ tí àwọn obìnrin Èkìtì ń sun, orin ìgbéyàwó, orin tí a fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, àti èyí tí à ń kọ ní gbangba ọjọ́ Èpà, kò sí èèwọ̀ nínú wọn. Kí ọmọ tí ó bá gbọ́ ìwọ̀nyí lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà tún lọ kọ́ Rossini bí ó bá wù ú. A ó wá jókòó gbọ́ ọ pẹ̀lú ìdùnnú.

Àwa dábàá pé kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ní yàrá tí ó dákẹ́, kí ẹ̀dà kan wà láàfin, kí èkejì wà ní ilé ìwé gíga tí ó ní ibi ìpamọ́ tí ó ṣeé gbára lé. Ẹni tí ó bá ní irú ìyá bẹ́ẹ̀ nílé, kí ó fi orúkọ rẹ̀ àti orúkọ agbo ilé rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí oṣù yìí tó parí.