Iná Bátìrì Kò Lè Kọ́ni Lọ́rọ̀

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwa akẹ́kọ̀ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn, ká ṣáà ti so wáyà tDCS mọ́ ọn lórí, ọ̀rọ̀ á padà. Ìdajì òótọ́ ni, ìdajì òótọ́ sì máa ń tanni ju irọ́ lọ.

Kí ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe gan-an? Kànìnkàn méjì tí a fi omi iyọ̀ rin ni wọ́n ń gbé lé orí, iná bátìrì tí kò ju mílíámpù kan sí méjì lọ á sì gba ibẹ̀ kọjá fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan sí ọpọlọ. Ìrètí àwọn onímọ̀ ni pé yóò jẹ́ kí ọpọlọ tètè gba ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ wo? Ìbéèrè mi nìyẹn.

Ní 2018, Julius Fridriksson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí lórí aláìsàn 74 jáde. Àtẹni tó gba iná, àtẹni tó gba ayédèrú iná, gbogbo wọn ló kọ́ bí a ṣe ń pe orúkọ nǹkan nígbà 15. Ti àwọn tó gba iná dára jù, àmọ́ àwọn yòókù náà tẹ̀síwájú. Ohun tí ìwádìí náà sọ kò ju pé ó yẹ ká tún wádìí sí i. Ní Jámánì, ìwádìí tó jáde ní 2017 kò lo iná rárá: olùkọ́ ọ̀rọ̀ ni, ó kéré tán wákàtí 10 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn náà gbé pẹ́ẹ́lí sí i.

Ẹlòmíì á ní ẹ̀rọ náà kò wọ́n. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn! Ẹbí tó ti ná gbogbo owó ọwọ́ wọn sílé ìwòsàn ni wọn yóò tà á fún, láìsí olùkọ́. Àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Bí kọ̀ǹpútà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan bá sì wà níbẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ọkọ́ ni ìyá àgbà fẹ́ pè tó fi pè é ní ọkọ̀?

Ẹ̀yin tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ọ̀la, iṣẹ́ wa ló délẹ̀ yìí: àwòrán, ọ̀rọ̀ àti ìdánwò ní Yorùbá, pẹ̀lú èèyàn tí yóò jókòó ti aláìsàn. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó bá mi sọ̀rọ̀ wáyà. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.