Ẹja inú gíláàsì yín tó ń kú: ọwọ́ ayé kọ́, omi ni!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ ẹja ló délẹ̀ lónìí. Kì í ṣe ẹja ọbẹ̀ o. Ẹja tí wọ́n ń fowó gidi rà, tí wọ́n ń kó sínú àpótí onígíláàsì ní pálọ̀, tí tọmọdé tàgbà ń jókòó tì bíi tẹlifíṣàn. Aquarium lòyìnbó ń pè é. Bí ẹ́sítéètì ṣe ń yọ lọ́tùn-ún lósì ní Awoyaya, lójú títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ ń yọ bàbá wọn lẹ́nu: "Dádì, ẹ ra ẹja fún wa." Dádì á sì rà á.

Kò ní í pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹja á bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó. Ọ̀kan lónìí, mẹ́ta lọ́la, àpótí ti ṣófo, ilé ti dàrú. Ìyàwó á ní láti ọjọ́ tí ìyá ọkọ òun ti wá kí wọn, tí màmá dúró wo ẹja náà pẹ́, lòun ti fura. Ọkọ á ní ọmọ ọ̀dọ̀ ló da ọṣẹ sí i. Ẹlòmíì á gbé e tọ wòlíì lọ, wòlíì á ní àmì ni. Ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe máa ń wí i: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí ìyá arúgbó ṣe ń di àjẹ́ nítorí ẹja mẹ́fà nìyẹn.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọwọ́ ayé ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní omi ò lọ́tàá, àmọ́ omi lè di ọ̀tá ẹja. Inú omi tí ẹja ti ń mí náà ló ń yàgbẹ́ sí. Ìgbẹ́ àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù á wá di májèlé kan tí wọ́n ń pè ní ammonia. Nínú odò, omi gbòòrò, ó ń ṣàn. Nínú àpótí, ojú kan ni májèlé ń kóra jọ sí. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan tó ń gbé inú fílítà àti lára òkúta ló ń gba ẹja là. Wọ́n á sọ ammonia di nitrite, tóun náà ṣì burú, àwọn mìíràn á sọ ìyẹn di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ṣùgbọ́n ó ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn kòkòrò yìí tó pọ̀ tó. Ẹni tó ra àpótí láàárọ̀, tó kó ogún ẹja sí i lálẹ́, òun gan-an ló dájọ́ ikú fún wọn.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹja méjì tó kéré ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì ni kẹ́ ẹ fún wọn, ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ máa da kún un. Lọ́sẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyẹn, ẹ máa pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi náà lọ́jọ́ méjì-méjì. Tó bá ti dúró, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹ má da gbogbo omi nù o! Omi tẹ́ ẹ fà jáde náà ni kẹ́ ẹ fi ṣan fílítà, kẹ́ ẹ má baà fọ àwọn kòkòrò yẹn dànù.

Omi tiwa níbí náà tún lọ́rọ̀ nínú. Ọ̀sà wà lápá kan, òkun wà lápá kejì, bọ́họ̀ọ̀lù lọ̀pọ̀ èèyàn gbójú lé. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ní irin: á mọ́ gaara nígbà tó ń jáde, tó bá ṣe díẹ̀, á pọ́n bí ìpẹta. Ìpẹta yìí máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ẹja fi ń mí. Ẹ pọn ọ́n sínú ike ńlá ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kẹ́ ẹ ki ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn bọ̀ ọ́, kó wá tòrò, kẹ́ ẹ bu òkè rẹ̀. Bó bá ń ta iyọ̀ lẹ́nu, ẹ wá omi míì.

Iná ńkọ́? Ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Fílítà ò gbọ́dọ̀ sinmi, torí bó bá dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àwọn kòkòrò náà á kú. Ẹni tí ò ní ìnfátà, kó ra ẹ̀rọ atẹ́gùn kékeré tó ń lo bátìrì. Bí iná bá lọ, ẹ má fún ẹja lóúnjẹ. Ẹ sì jẹ́ kí wáyà rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ kọjá ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi má baà gba ara rẹ̀ ṣàn wọ inú iná.

Ẹ má gbé e sórí tábìlì tẹlifíṣàn. Àpótí tó gba 100 lítà, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin oní-25, omi inú rẹ̀ nìkan wọn 100 kílò. Àpò sìmẹ́ǹtì méjì nìyẹn, a ò tíì ka iyanrìn àti gíláàsì! Ẹ̀rọ amómigbóná ò pọn dandan, ooru Èkó ti tó.

Goldfish ni gbogbo èèyàn ń rà, bẹ́ẹ̀ ó lè gùn ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, abọ́ gíláàsì kékeré kì í ṣe ilé rẹ̀. Àwọn odò gúúsù Nàìjíríà ní ẹja kékeré kan, kribensis. Ọdún 1901 ni Boulenger tó ń ṣiṣẹ́ ní mùsíọ́ọ̀mù ńlá ìlú London kọ nípa rẹ̀. Ikùn abo rẹ̀ máa ń pupa fòò. Ẹ da àfọ́kù àgbọn dé sínú omi fún un, ibẹ̀ ló máa yé sí, tìyá tbàbá á sì jọ máa ṣọ́ ọmọ wọn. Wọ́n ń sin ín kiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwa tá a ni ín là ń ra ti ẹni ẹlẹ́ni.

Bó bá sú yín, ẹ fún ẹlòmíì. Ẹ má dà á sọ́sà, ẹja àjèjì lè ba odò jẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti bá ìyá ọkọ yín jà nítorí ẹja, ẹ lọ bẹ màmá o. Màmá kàn ń wo ẹja ni.