Ta Ní Ní Yorùbá Kò Gba Iṣẹ́ Ọ̀dà Ọkọ̀?

Ẹ̀yin ará mi nínú Ẹgbẹ́ wa yìí, ẹ̀sùn ni mo bá wá. Nígbà tí a péjọ kẹ́yìn, ọ̀rẹ́ wa kan dìde, ó ní èdè Yorùbá dára fún oríkì àti ìjálá, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹ̀rọ àti kẹ́míkà, kí á yáa gbé e fún Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ nínú yín pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́.

Ní 2022, nígbà tí àwọn olùkọ́ fásitì daṣẹ́ sílẹ̀ láti 14 Oṣù Kejì títí di 14 Oṣù Kẹwàá, bàbá mi ní òun kò lè máa wò mí kí n máa sùn di ọ̀sán. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ń kun ọkọ̀ ní Ọgbà, lẹ́yìn Acme Road. Mo rò pé iṣẹ́ púrúǹtù ni. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, mo ti mọ̀ pé èmi gan-an ni púrúǹtù.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ dúdú kan dé, oòrùn ti mú kí òrùlé rẹ̀ ṣá. Mo di kànìnkànìn àti ọṣẹ mú, mo fẹ́ fọ̀ ọ́ kí ó dán. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Akọ̀wé, ṣé o rò pé dídán jẹ́ ohun tí à ń kùn mọ́ ọkọ̀ ni?" Ó fi èékánná fa ibi tí ó ha. "Bí èékánná bá kọ́ ọ, ó ti jinlẹ̀ ju ohun tí pólíìṣì lè yanjú lọ. Bí kò bá kọ́ ọ, a ó yún ojú rẹ̀ títí yóò fi tẹ́jú, kí ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á lè padà sí ọ lójú, kó má fọ́n káàkiri." Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ físíìsì ní Gẹ̀ẹ́sì, n kò mọ ìdí tí ohun kan fi ń dán títí di òwúrọ̀ ọjọ́ náà!

Lẹ́yìn èyí, ó fi àkísà funfun àti kọ́ńpáùn nu ẹ̀gbẹ́ kan. Bí àwọ̀ ọkọ̀ bá yọ sára àkísà, a jẹ́ pé ọ̀dà náà kò ní ìbora tó mọ́ gaara lórí. Ìbora ọ̀hún sábà máa ń nípọn tó 40 sí 50 nínú ìdá 1000 mìlímítà kan, irun orí a sì máa nípọn jù ú lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń fi omi ọṣẹ àti sánpépà 1500, 2000 àti 3000 yún un díẹ̀díẹ̀, lábẹ́ ibòji, tí a sì ń fi téèpù bo etí ibi tí ọ̀dà ti fẹ́lẹ́. Mo gbàgbé téèpù lẹ́ẹ̀kan ní etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo yún un títí irin fi yọjú. Ọ̀gá kò nà mí. Ó ní kí n máa gbálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Yorùbá ni gbogbo ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ óò ní sánpépà àti kọ́ńpáùn kì í ṣe Yorùbá. Ṣé ìpìlẹ̀ àdúrà àti àlùbọ́sà ni Yorùbá? Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi èdè yìí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀run kò sì wó.

Ohun tí ó dùn mí jù ni ti hádínà, èyí tí à ń pò mọ́ ọ̀dà kí ó lè gan. Ohun tí wọ́n ń pè ní isocyanate wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fà á símú léraléra lè kó ikọ́ fée, bí ó bá sì ti kó o tán, ìwọ̀nba díẹ̀ ti tó láti há a léèémí. Ìkìlọ̀ wà lára agolo, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní lẹ́tà wínníwínní. Ọmọ iṣẹ́ kan tí a jọ wà níbẹ̀, tí kò kọjá ìwé kẹrin, a máa so áńkáṣíìfù mọ́ imú, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ lásán kò lè dí i. Ó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ fún òun. Mo kà á. Ó dákẹ́, ó ní, "Bọ̀dá, oṣù mọ́kànlá ni mo ti ń fín in."

Ní Yúróòpù, òfin 2008 pàṣẹ pé èdè orílẹ̀-èdè tí a ti ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni kí a fi kọ ìkìlọ̀ rẹ̀. Láti 24 Oṣù Kẹjọ 2023, òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ lo irú kẹ́míkà yìí níbẹ̀ bí kò bá kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀. Àwọn ará Estonia kò tó mílíọ̀nù méjì, agolo ń bá wọn sọ èdè wọn. Àwa tí a ju mílíọ̀nù lọ́nà ogún lọ ńkọ́? Ní 2011, ìjọba wa ka títún ara ọkọ̀ ṣe àti fífín ọ̀dà mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ 34 tí ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì lè yàn nígbà náà. Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò rẹ̀. Ọ̀gá mi kò lè jókòó ṣe é, kò sì sí ẹni tí yóò pè é wá kọ́ni.

Mo ti kọ ìkìlọ̀ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, ìlà mẹ́fà. Mo kọ "kẹ́míkà apanilára". Ọ̀gá ní kí n pa á rẹ́, kí n kọ "ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́". Ó mọ èdè jù mí lọ. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ṣì wà ní òpópó kan náà tí ògiri wọn ṣófo. Sátidé ni mo ń padà lọ. Kí ẹ̀yin tí ẹ pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà mú búrọ́ṣì lọ́wọ́.