Ẹ Wò Ó Dáadáa Kí Ẹ Tó Pa Á

 

Àwọn àgbà a máa sọ pé kòkòrò tí ó jẹ ẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́. Ìwọ̀n ni ewéko ń dára mọ. Ẹjọ́ ẹ̀fọ́ ni wọ́n dá nínú òwe yìí. Lónìí, mo fẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ kòkòrò pẹ̀lú. Bí ìyàwó ilé bá dé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní òwúrọ̀, tí ó rí i pé ewé tẹ̀tẹ̀ tí òun gbìn ti lu jára bí asẹ́, kòkòrò tí ojú rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà lé ni yóò jẹ̀bi. Yóò fi bàtà tẹ̀ ẹ́ pa, tàbí kí ó ránṣẹ́ lọ ra oògùn apakòkòrò. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọdẹ tí ó wá mú olè ni ó pa, tí olè gan-an sì wà lábẹ́ ewé tí ó ń jẹun lọ ní tirẹ̀.

Ohun èlò kan wà tí ó lè ràn wá lọ́wọ́ láti dá ẹjọ́ náà bí ó ti yẹ. Ohun náà ni lẹ́ńsì tí a fi ń ya fọ́tò àwọn ohun kéékèèké. Púpọ̀ nínú yín ti ní fóònù tí ó ń ya fọ́tò lọ́wọ́, ọmọ àti aṣọ ẹbí nìkan ni ẹ sì ń fi yà. Ẹ jẹ́ kí a gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

IRÚ LẸ́ŃSÌ WO NI?

Macro ni wọ́n ń pe lẹ́ńsì yìí. A ṣe é kí ó lè rí ohun tí ó wà nítòsí rẹ̀ gan-an. Kámẹ́rà lásán kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbé e sún mọ́ èèrà, bàìbàì ni àwòrán náà yóò rí. Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì macro gidi a máa gbé àwòrán kòkòrò sí inú kámẹ́rà ní ìwọ̀n tí kòkòrò náà jẹ́ gan-an. Nígbà tí a bá wá gbé fọ́tò náà sí ojú kọ̀ǹpútà, tàbí tí a tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kòkòrò tí kò tó èékánná lè tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Àwọn tí ó ní kámẹ́rà ńlá sábà máa ń lo èyí tí a kọ 100mm sí lára, nítorí pé ènìyàn lè dúró ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí kòkòrò kí ó tó yà á, kòkòrò kò sì ní tètè sá. Owó rẹ̀ kò kéré. Fún àwa tí a ń ṣọ́ owó oúnjẹ ná, lẹ́ńsì kékeré kan wà tí a máa ń há mọ́ ojú fóònù, gẹ́gẹ́ bí a ti ń há aṣọ mọ́ okùn. Èyí kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ní láti gbé e sún mọ́ ohun tí ẹ fẹ́ yà, ó sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, kí ó tó lè hàn kedere. Àwọn fóònù mìíràn wà tí lẹ́ńsì macro ti wà nínú wọn láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n. Kí ẹ tó ná owó kankan, ẹ kọ́kọ́ wo èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín.

BÍ A TI Ń YÀ Á

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni àkókò tí ó dára jù lọ, kí oòrùn tó mú. Ara kòkòrò kì í fúnra rẹ̀ móoru bí tiwa. Ìdí nìyí tí kì í fi í lè yára sá nígbà tí òtútù òwúrọ̀ bá ṣì wà lára rẹ̀. Ìrì tí ó wà lára ewé nígbà náà a sì máa bu ẹwà kún fọ́tò.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan kò dára, nítorí ó ń jẹ́ kí ibì kan mọ́lẹ̀ jù, kí ibòmíràn sì ṣókùnkùn. Ẹ fi aṣọ funfun tín-ín-rín ṣíji bo ewé náà, tàbí kí ẹ gbé ìwé funfun sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ó lè da ìmọ́lẹ̀ padà sí ibi tí ó ṣókùnkùn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí òjìji yín bo kòkòrò náà lójijì, nítorí yóò rò pé ẹyẹ ni ó ń bọ̀ wá gbé òun.

Ẹ̀kẹta ni kí ọwọ́ dúró. Bí a bá sún mọ́ nǹkan tó báyìí, ibi tí yóò hàn kedere nínú fọ́tò lè má nípọn ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ. Bí ẹ bá mí kanlẹ̀, ojú kòkòrò tí ó hàn kedere tẹ́lẹ̀ yóò ṣú. Nítorí náà, ẹ jókòó lórí àpótí, ẹ gbé ìgúnpá lé orúnkún, kí ẹ sì rọra sún síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ojú kòkòrò náà yóò fi hàn ketekete. Ojú rẹ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí ojú bá hàn, fọ́tò náà yóò ní ẹ̀mí. Bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo ara rẹ̀ hàn, ẹ ya á láti ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí ó ń lo kámẹ́rà ńlá lè fi í sí f/8 tàbí f/11. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ẹ ri igi pẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́lẹ̀ kí ẹ sì fi òwú so ẹ̀ka náà mọ́ ọn.

Bí ẹ bá ya ogún, tí ẹyọ kan ṣoṣo dára, ẹ ti ṣe iṣẹ́. Àwọn baba wa sọ pé ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pa èèrà, yóò rí ìfun inú rẹ̀. Lẹ́ńsì yìí fún wa ní àǹfààní kan ju ti àwọn baba wa lọ: a lè fara balẹ̀ wo èèrà láìpa á.

TA NI Ọ̀RẸ́, TA NI Ọ̀TÁ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ewé ẹ̀wà tàbí ọ̀mùnú ilá. Bí ẹ bá rí èèrà tí wọ́n tò lọ tò bọ̀ lára igi ilá, ẹ yí ewé rẹ̀ padà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá àwọn kòkòrò wínníwínní kan níbẹ̀, tí wọn kò tóbi ju iná orí lọ, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ewé gbágbá. Wọ́n ń fa omi ara ewé mu, wọ́n sì ń yọ omi dídùn kan jáde láti ìdí wọn. Omi dídùn yìí ni èèrà ń wá. Nítorí rẹ̀ ni èèrà fi ń ṣọ́ wọn, tí ó sì ń lé àwọn ọ̀tá wọn, gẹ́gẹ́ bí darandaran ti ń ṣọ́ màlúù rẹ̀. Ọ̀tá ilá yín nìyí.

Láàárín wọn, ẹ lè rí ẹ̀dá mìíràn tí ó burẹ́wà: ó gùn, ó dúdú, ara rẹ̀ rí ṣágiṣàgi bí ọ̀nì kékeré, ó sì ní ẹsẹ̀ mẹ́fà. Òun ni ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ń kọ́kọ́ pa, nítorí ìrísí rẹ̀. Ẹ dúró! Ọmọ kòkòrò roboto ẹlẹ́yìn pupa tí ó ní tótòtó dúdú lára nìyí, èyí tí àwọn ọmọdé ń mú ṣeré. Òun àti ìyá rẹ̀, oúnjẹ wọn ni àwọn tí ń fa omi ilá yín mu. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tí ó ti ń jẹun. Ẹ kò ní fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́ láéláé.

Ẹ kọjá sí ìdí igi ọsàn. Lórí ewé rẹ̀, ẹ lè rí ohun kan tí ó dà bí ìgbẹ́ ẹyẹ, dúdú pẹ̀lú funfun. Bí ẹ bá gbé lẹ́ńsì sí i, ẹ óò rí i pé ó ní ẹsẹ̀, ó sì ń jẹ ewé. Ọmọ labalábá ni. Ó fi ara rẹ̀ ṣe ìgbẹ́ kí ẹyẹ má baà jẹ ẹ́. Bí ó bá dàgbà, yóò bọ́ awọ yẹn sílẹ̀, yóò sì di aláwọ̀ ewé. Bí a bá fi igi pẹ́ẹ́rẹ́ kàn án, yóò yọ ìwo méjì pípọ́n jáde lẹ́yìn orí rẹ̀, òórùn líle yóò sì jáde, ṣùgbọ́n kò lè ṣe ọmọ yín ní ohunkóhun. Lẹ́yìn èyí, yóò fi òwú tín-ín-rín so ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, kò ní jẹ, kò ní mu, títí labalábá ńlá dúdú alámì ìyeyè yóò fi jáde. Bí igi ọsàn yín bá ti dàgbà, ewé díẹ̀ tí ó jẹ kò lè pa igi náà lára. Bí ó bá jẹ́ ọmọ igi ni, ẹ gbé e lọ sórí igi tí ó tóbi.

Ọmọńlé tí ó wà lára ògiri pàápàá jẹ́ ọdẹ yín, nítorí ẹ̀fọn àti eṣinṣin wà lára oúnjẹ rẹ̀. Kò ní oró. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bọ́ sínú oúnjẹ, nítorí náà ẹ máa dé ìkòkò yín. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé ní alẹ́, ẹ ya fọ́tò abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti apá kejì, ẹ óò rí ìlà wẹ́wẹ́ tí ó wà lábẹ́ ọmọ-ìka rẹ̀, èyí tí ó fi ń rìn lórí ohun tí ń yọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rẹ́ nìkan ni lẹ́ńsì ń fi hàn. Ẹ wo inú agbada tí omi òjò dúró sí. Ohun tí ń jà wìnnìwìnnì nínú rẹ̀ ni tanwíji, ọmọ ẹ̀fọn. Èyí tí ó bá na ara rẹ̀ gbalaja sí ojú omi ni ọmọ irú ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri. Èyí tí ó bá dorí kodò jẹ́ ti irú ẹ̀fọn mìíràn. Kò sí èyí tí a ní láti dá sí nínú wọn. Ẹ máa da omi bẹ́ẹ̀ nù ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n tó lè hu ìyẹ́.

Ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ láti dá kòkòrò pẹlẹbẹ kan mọ̀, tí ó rí bí èèrà gígùn, tí ara rẹ̀ jẹ́ dúdú àti pupa rẹ́súrẹ́sú, tí ó sì máa ń wá sí ìdí iná ní alẹ́. Omi inú rẹ̀ a máa bó awọ ara bí iná. Bí ó bá bà lé yín, ẹ fẹ́ ẹ dànù, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ pa sára. Bí omi rẹ̀ bá kan ara, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ kíákíá, kí ọwọ́ tó kan ojú.

OÒGÙN ÀTI ÌKÒKÒ ỌBẸ̀

Ìdí tí mo fi sọ̀rọ̀ yìí gùn tó báyìí ni pé ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé kò jìnnà sí ìkòkò ọbẹ̀. Oògùn tí a bá fọ́n sí i láàárọ̀ lè bá ọmọ wa nídìí àwo lálẹ́. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC ka títa oògùn apakòkòrò tí a ń pè ní dichlorvos nínú ìgò kéékèèké léèwọ̀, nítorí ewu tí ó ń ṣe fún ẹ̀mí ènìyàn. Oògùn inú ilé kì í ṣe oògùn ẹ̀fọ́. Bí ó bá sì pa àwọn tí ń jẹ ilá, yóò pa ọdẹ tí ń lé wọn pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn ajẹlá bá tún padà dé, wọn kò ní bá ọdẹ kankan lọ́nà.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ mọ ẹni tí ó ń jẹ yín lóko. Bí ó bá jẹ́ àwọn tí ń fa omi ewé ni, ẹ da omi lù wọ́n kí wọ́n ré bọ́, tàbí kí ẹ fi omi ọṣẹ díẹ̀ nù wọ́n kúrò. Èyí tí ó bá tóbi, ẹ fi ọwọ́ ṣà á. Bí ó bá di dandan kí a lo oògùn, kí ó jẹ́ èyí tí a ṣe fún ẹ̀fọ́, kí a sì ka iye ọjọ́ tí a kọ sí ara rẹ̀ pé kí a dúró kí a tó já ẹ̀fọ́ jẹ.

ÌYÁ KAN TÍ Ó ṢE É ṢÁÁJÚ WA

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé eré ọmọdé ni wíwo kòkòrò. Ní Jámánì, a bí obìnrin kan ní ọdún 1647, Maria Sibylla Merian ni orúkọ rẹ̀. Láti ọmọ ọdún 13 ni ó ti ń sin kòkòrò nínú ilé, tí ó ń fún wọn ní ewé, tí ó sì ń ya àwòrán bí wọ́n ti ń yí padà di labalábá, nítorí kò sí kámẹ́rà láyé ìgbà náà. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ pé láti inú ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí ni kòkòrò ti ń jáde. Ó lọ́kọ, ó bí ọmọbìnrin méjì, kò sì dá iṣẹ́ náà dúró. Ní ọdún 1699, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 52, òun àti èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Suriname ní Gúúsù Amẹ́ríkà láti wo àwọn kòkòrò ibẹ̀. Ní ọdún 1705, ìwé ńlá tí ó kọ nípa wọn jáde. Àwọn onímọ̀ ṣì ń bọlá fún un títí di òní.

Ẹ fi èyí kọ́ ọmọ yín. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ ọjọ́, ewé tí ẹ ti rí kòkòrò, àti ohun tí ó ń jẹ sínú rẹ̀. Kí ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n kọ máa kọ ọ́. Kí èyí tí kò tíì mọ̀ ọ́n kọ máa ya àwòrán. Ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má ṣe já ẹsẹ̀ kòkòrò nítorí kí ó lè dúró fún fọ́tò, kí wọ́n má sì sún mọ́ ilé agbọ́n tàbí ti oyin. Ọmọ tí ó bá ti kọ́ láti wo nǹkan kínníkínní kí ó tó dá a lẹ́bi, ẹ̀kọ́ náà yóò bá a dé ibi tí ó ju ẹ̀yìnkùlé lọ.

Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ náà. Ó di oṣù tí ń bọ̀.