Ẹrù Ti Bọ́, Ará Ilé Ńkọ́?

  Òkè Ọya ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nítorí náà bí Yorùbá mi bá ta kókó níbì kan, ẹ bá mi tú u.

Ìwé kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. John Bunyan, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ̀wọ̀n ọdún 12 nítorí pé ó kọ̀ láti dákẹ́ ìwàásù. Ní 1678, ó gbé The Pilgrim's Progress jáde. David Hinderer, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì tó gbé Ìbàdàn, ló sọ ọ́ di Yorùbá, tí a mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Ìtàn àpèjúwe ni. Christian gbé ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ sẹ́yìn, ó sá kúrò ní Ìlú Ìparun. Aya àti ọmọ ń pè é, ó fi ìka di etí. Nígbà tó dé ìdí àgbélébùú, ẹrù náà já bọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń pa ìwé náà dé. Ẹrù mi ti bọ́, kí kálukú wá tirẹ̀ ṣe! A ó ṣe ìṣọ́ òru títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ti ń mu gàrí láàárọ̀ lálẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, a kò bi í léèrè.

Ẹ jẹ́ ká tún ìwé náà ṣí. Ìrìn-àjò ṣì kù púpọ̀ lẹ́yìn àgbélébùú. Kí Christian tó débẹ̀ pàápàá, ẹnìkan tó ń jẹ́ Ìrànlọ́wọ́ ló fà á jáde nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí odò ìkẹyìn fẹ́ gbé e lọ, Onírètí, ẹnìkejì rẹ̀, ló gbé orí rẹ̀ sókè.

Ẹnìkan lè ní, "Ṣebí ó fi aya àti ọmọ sílẹ̀?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní 1684, Bunyan kọ apá kejì, ó sì mú aya náà àti ọmọkùnrin mẹ́rin gba ọ̀nà kan náà. Ọlọ́kàn-ńlá ni amọ̀nà wọn. Jagunjagun ni, ó lè sáré ju gbogbo wọn lọ, síbẹ̀ ó ń dúró de arọ tó ń fi ọ̀pá rìn àti ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Omidan kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àánú. Ọ̀gbẹ́ni Brisk ń fẹ́ ẹ, nítorí ó rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀, ó rò pé owó wà níbẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé àwọn tálákà ló ń ránṣọ fún, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ará, Brisk pọ̀ lọ́gbà wa!

Igi kan kì í dágbó ṣe. Ìdánwò ń bọ̀: ẹni tó mọ ìṣirò, kó kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ará yàrá rẹ bá ń ṣàìsàn, sìn ín dé ilé ìwòsàn, ìbáà ṣe Hausa, ìbáà ṣe Tiv, ìbáà ṣe Mùsùlùmí. Bí ọkàn wa bá ti yí padà lóòótọ́, ará yàrá wa ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀.